Àpò Tó Fúyẹ́ Lọ́wọ́ Baba Fàáwò

Bí o bá kí Baba Fàáwò pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ gbójú sókè wo ojú ọ̀run, bóyá lóòótọ́ ni ilẹ̀ ti mọ́, kó tó dá ọ lóhùn. Bó bá ra búrẹ́dì, yóò tẹ̀ ẹ́ nídìí wò. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan kú, yóò béèrè ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí òkú. Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti bàbá yìí ti kọjá oògùn, ó ti di oúnjẹ. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ló ń jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ àlìkámà di ìyẹ̀fun ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn àká onírin gíga-gíga tò sí, tí wọ́n ń da àlìkámà sí nínú. Ara àká kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jó àkàbà irin kan mọ́, tó gbéra láti ilẹ̀ títí dé òkè téńté, níbi tí ẹ̀rọ tó ń da àlìkámà sínú àká wà. Ẹ̀rọ yìí kì í pẹ́ ṣàìsàn. Bó bá ti ṣàìsàn, mẹkáníìkì ni yóò gun àkàbà lọ tọ́jú rẹ̀. Ìdí àkàbà ni Baba Fàáwò sì máa ń wà, òun pẹ̀lú okùn rẹ̀.

Nílé iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun àkàbà pẹ̀lú irin lọ́wọ́, tàbí nínú àpò ṣòkòtò, tàbí ní bàdí. Ọwọ́ méjèèjì, ti àkàbà ni. Mẹkáníìkì yóò gòkè lọ́wọ́ òfo, yóò fi ìkọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ kọ́ irin tó wà lókè, yóò wá mi okùn tó gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré kan wálẹ̀, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè mọ̀ pé òun ti múra. Nígbà náà ni bàbá yóò so àpò irinṣẹ́ mọ́ okùn, yóò kúrò lábẹ́ rẹ̀, yóò sì máa fà á lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló so ó, yóò ní, "Fà á wò!" Bí ẹni náà bá sì fà á tán, òun náà yóò fà á, yóò yọ ṣùtì sí i, yóò tú u, yóò tún un ta. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n kan kì í ta kókó omi sétí aṣọ. Baba Fàáwò ní torí pé wọn ò gbé omi náà wá bá òun ni.

Kókó tirẹ̀ wá ńkọ́? Ojú dídì ló fi ń ta á. N kò sọ àsọdùn. Yóò gbé orí sókè, yóò di ojú méjèèjì, ìka rẹ̀ á máa rìn lórí okùn bí ìka onídìrí nínú irun, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun a máa dúró wòran. Ẹnikẹ́ni kò sì fa tirẹ̀ wò rí. Ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ má tètè bú u ṣá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà èwe ló fi òòlù há bàdí, tó gun irú àkàbà yìí. Igi òòlù náà há sáàárín àwọn irin tí wọ́n ń tẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ kan yọ ọ́, ọwọ́ kejì kò lè gbé e ró. Baba Fàáwò wà nílẹ̀ nígbà náà, ó ń wòkè. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Mẹkáníìkì tó ń gòkè lásìkò tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹlòmíràn, ọkọ ọmọ bàbá ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà wá tọrọ ìyàwó, ohun tí bàbá bi í ni pé, "Kí ni o máa ń kó sínú àpò ṣòkòtò rẹ bí o bá ń gun òkè?" Ọkùnrin náà dìde, ó fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì yọ síta, ó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá, òfo ni." Àwọn bàbá mìíràn ìbá lé e jáde. Baba Fàáwò ní kó jókòó. Ilé kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé láti ìgbà náà. Bí inú bàbá bá dùn, "ọmọ mi" ló ń pè é. Bí ara bá ń fu ú, ó di "àna mi."

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ orí àká tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà tún dákẹ́. Ọkọ ọmọ gòkè, ó mi okùn. Bàbá di ojú, ó so àpò, ó kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kò tíì fà á jìnnà tó fi dúró.

Àpò náà fúyẹ́.

Apá Baba Fàáwò ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bó bá fa àpò, ó mọ̀ bóyá gírísì inú agolo ti lọ sílẹ̀. Ohun tí apá rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ náà ni pé sípánà ńlá, èyí tí wọ́n fi ń tú àwọn nọ́ọ̀tì ìdí ẹ̀rọ, kò sí nínú àpò yẹn. Òòlù pàápàá kò sí níbẹ̀. Ó fa àpò dókè, ó dúró, ó tẹ́tí. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ọ lókè: kan, kan, kan, ìró òòlù lórí irin, àti igbe nọ́ọ̀tì tó ń tú lábẹ́ sípánà ńlá.

Báwo ni wọ́n ṣe dé òkè? Irin kì í hu ìyẹ́. Bí wọn kò bá gba inú àpò, a jẹ́ pé ara ẹni tó gòkè ni wọ́n gbà. Ẹ̀rù ba bàbá débi pé ó ní láti jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé. Ọmọ òun ti lóyún. Bí ọkùnrin yìí bá fi irin há bàdí tó sì já bọ́, opó ni yóò bímọ. Bí ẹ̀rù náà ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, ìbínú gba ipò rẹ̀. Ó ní, "Àna mi! Ìwọ tí o fa àpò ṣòkòtò yọ!"

Láti ọjọ́ náà, tojú tìyẹ́ ni bàbá fi ń ṣọ́ ọ. Kí ọkùnrin náà tó gòkè, bàbá yóò sún mọ́ ọn, yóò ní, "Ìyẹ̀fun ti kùn ọ́ lára, jẹ́ kí n gbọ̀n ọ́n fún ọ," yóò wá máa gbá a ní bàdí, ní itan, ní àyà. Èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìyẹ̀fun! Ìgbà wo ni ìyẹ̀fun kò kùn wọ́n lára? Ọkọ ọmọ yóò dúró jẹ́ẹ́, yóò ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Bàbá kò rí irin kankan. Dípò kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣe ló ń sọ pé ó ti mọ ibi tí yóò fi pamọ́ sí.

Nǹkan mìíràn sì ń ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí àpò kò tíì fúyẹ́ ni ọkọ ọmọ ti so aṣọ mọ́ ọrùn ọwọ́. Bàbá béèrè ohun tó ṣe é, ó ní ilẹ̀kùn ló pa òun lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn wo? Bàbá yẹ gbogbo ilẹ̀kùn ilé wò lálẹ́ ọjọ́ náà, kò rí èyí tó jọ pé ó pa ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ láyìíká àká náà wá ń ṣe ségesège. Tẹ́lẹ̀, bí bàbá bá ń fa àpò, nítòsí rẹ̀ ló máa ń gbálẹ̀, tí yóò máa dápàárá pé okùn bàbá gùn ju ẹ̀mí àwọn ọ̀tá rẹ̀ lọ. Ní báyìí, bí ọkọ ọmọ bá ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, yóò kó ìgbálẹ̀ rẹ̀, yóò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹrù. Bàbá sì ti rí òun àti ọkọ ọmọ nídìí ẹ̀rọ omi, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bó ṣe yọ sí wọn, obìnrin náà ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Bàbá ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ṣé tobìnrin náà tún wà nínú rẹ̀ ni?"

Ilé pàápàá kò rọgbọ. Bó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, yóò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ àti ti ọkọ nínú ilé ìdáná. Bó bá wọlé, wọn á dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ife tíì sẹ́nu, ọmọ rẹ̀ sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ó gbóná! Ṣé kò jó yín lọ́wọ́ ni?" Bàbá ní ọwọ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọwọ́ ọmọ jòjòló. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìka bàbá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gé èékánná rẹ̀, ó wá ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún un níka lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú rẹ̀. Bàbá ro ó títí. Ó ní wọ́n fẹ́ kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, kí ẹnì kan má baà máa ṣọ́ àna òun mọ́.

Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ láti fẹjọ́ sùn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀: "Ẹnì kan wà nídìí àkàbà tí yóò pa ara rẹ̀, tàbí kó pa ẹlòmíràn." Ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Ó rántí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ikùn níwájú. Ọ̀gá yìí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àkàbà, ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ ọmọ yóò kó ẹrù rẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ fojú ara òun rí i.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun ọ̀sán, ó de bẹ́líìtì mọ́ra, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà náà. Ó ti pẹ́ tó gòkè kẹ́yìn. Orúnkún rẹ̀ ń bú u ní gbogbo ìgbésẹ̀, ó sì ń bú orúnkún náà padà. Irin àkàbà ti wà nínú oòrùn láti òwúrọ̀, síbẹ̀ kò jó o lọ́wọ́. Ó ní bóyá atẹ́gùn ló tù ú.

Afàgò kẹ́yìn àparò, ohun ojú ń wá lojú ń rí. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, níbi tí ẹni tó wà nílẹ̀ kò lè rí, àpò kan wà tí wọ́n fi wé nǹkan, tí wọ́n so mọ́ irin ìdáàbòbò. Ó tú ẹnu rẹ̀ wò: sípánà ńlá, òòlù, àti irin gígùn tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ. Gbogbo ohun tó wúwo pátá. Bàbá di okùn tí wọ́n fi so wọ́n mú, ó fà á wò. Kò mira. Ó fi ara lé e, ó tún fà á. Kò mira. Ó wá ohun tí yóò tún ṣe lára kókó náà, kò rí i. Èyí dùn ún ju sípánà lọ, kí n má parọ́ fún yín.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń ro ó. Kì í wá ṣe bàdí. Olè ni. Ó ń kó irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ pamọ́ sókè, títí yóò fi rí ẹni rà á. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ìyẹn lobìnrin onígbálẹ̀ ṣe ń sá lọ ṣọ́ ẹ̀yìn ilé ẹrù!

Nírọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí ọkọ ọmọ bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀. "Àna mi, mo gòkè lónìí."

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa lọ aṣọ, ó gbé ayọ́ọ̀nù dúró.

"Mo rí ohun tí o fi pamọ́," ni bàbá wí. "Wá ẹnu sọ ọ́. Ta lo fẹ́ tà á fún?"

"Kò sí ẹni tí mo fẹ́ tà á fún, Bàbá."

"Kí ló wá ń ṣe lókè?"

Ọkọ ọmọ tẹ orí ba. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, Bàbá."

"Kí n má bínú! Olè nínú ilé mi!"

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀!" Ọmọ rẹ̀ ló kígbe. Ọkọ gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó dákẹ́, ìyàwó ti ọwọ́ náà sápá kan. "Rárá, mi ò dákẹ́ mọ́. Mo ti dákẹ́ tó." Ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó tú okùn ìsáṣọ, ó mú un wọlé. Ó fa wáyà ayọ́ọ̀nù yọ lára ògiri, ó gbé ayọ́ọ̀nù náà sínú àpò ọjà, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀ nílẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ so àpò yìí fún mi. Bí ẹ ṣe máa ń so ó gẹ́lẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó gbé orí sókè, ó di ojú, ìka rẹ̀ rìn. "Ó ti parí."

"Ẹ fà á wò."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pè é ní Fàáwò, kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí. Ó fẹ́ bínú, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí omi níbẹ̀. Ó fa okùn náà. Àpò náà gbéra díẹ̀, kókó náà yọ̀, okùn jáde wọ́ọ́rọ́, ayọ́ọ̀nù sì balẹ̀ gbì.

"Okùn yìí ló ń yọ̀," ni bàbá wí. Ó tún un ta. Ó tún tú. Lẹ́yìn náà, ó la ojú rẹ̀, ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ bó ti ń ta kókó náà, nǹkan tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ìka rẹ̀ lọ síbi tó yẹ kí wọ́n lọ, wọ́n yí bó ti yẹ kí wọ́n yí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan pé kí wọ́n ki etí okùn wọ inú ihò, etí okùn kò sí lábẹ́ wọn. Ó ti yọ̀ sílẹ̀, ìka kò sì mọ̀. Òfo ni wọ́n ń kì bọnú ihò.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni tẹ ìka ẹlòmíràn.

"Láti ìgbà wo?" ló béèrè.

Ọkọ ọmọ ló dáhùn. Ó ní ọjọ́ kan tí àpò dé òkè, bí òun ṣe na ọwọ́ sí i ni kókó tú, òun fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá a mú, okùn àpò sì bó òun lọ́rùn ọwọ́. Obìnrin onígbálẹ̀ ń gbálẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ó ń kọrin, kò mọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà lòun ti ń fi ohun tó wúwo sílẹ̀ lókè, tí òun ń so wọ́n mọ́lẹ̀, kó lè jẹ́ nǹkan fífúyẹ́ nìkan ni Bàbá yóò máa fà. Òun ti bẹ obìnrin náà pé kó máa kúrò níbẹ̀ bí okùn bá ń lọ.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú yín, kí n ní kókó yín tú? Baba ìyàwó mi lẹ jẹ́."

Ìtìjú ti bo bàbá, ṣùgbọ́n ìbínú tún ràn án lọ́wọ́ láti dìde. "Sípánà tó ń já bọ́ mọ àna? Bí agolo gírísì lásán bá bọ́ lu obìnrin yẹn lórí, ṣé wàá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ojú àna lo ń wò?" Ó tún jókòó. Ó ń wo ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà. Ó ní, "Mú un wá kí n wò ó." Ọkọ ọmọ tú aṣọ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ojú ọgbẹ́ náà gùn. Bàbá fẹ́ fi ìka kàn án, ó rántí pé òun kò ní mọ̀ ọ́n lára, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá tún dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀gá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn án.

"Ọ̀gá, ẹnì kan wà nídìí àkàbà tí kò yẹ kó máa ta kókó mọ́. Yóò pa èèyàn."

Ọ̀gá gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkàbà kì í ṣe eré lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ta ni?"

Bàbá yọ okùn kan lápò. Ó rí ìgò omi lórí tábìlì, ó gbé orí sókè, ó di ojú, ìka rẹ̀ rìn. Kò la ojú náà nígbà tó parí.

"Ẹ fà á wò."

Ọ̀gá fi ìka kan ṣoṣo fà á. Okùn náà tẹ̀lé ìka rẹ̀, ìgò dúró síbi tó wà. Ọ̀gá wo okùn, ó wo bàbá, ó wo ìgò.

"Bàbá, ta ló fa tiyín wò?"

"Àwọn ọmọ mi méjèèjì ni," ni Baba Fàáwò wí.